Dókítà ní àárín ọpọlọ àti ìfun mi ni wàhálà wà. Ṣé mo kàn ń rò ó lásán ni?

Akọ̀wéOwó:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe. Ìgbàkígbà tí àwọn tó ń yẹ ìwé owó wò bá ń bọ̀, oúnjẹ tí mo jẹ láàárọ̀ á jókòó sí mi ní ikùn títí di ìrọ̀lẹ́. Kò ní gòkè, kò ní sọ̀ kalẹ̀. Inú á wú, èébì á máa gbé mi. Kí wọ́n sáà ti lọ tán, ebi á bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí.

Wọ́n ti ki rọ́bà tó ní kámẹ́rà bọ̀ mí lọ́fun, wọn ò rí ọgbẹ́ kankan. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó dáa. Dókítà wá ní àárín ọpọlọ àti ìfun ni ọ̀rọ̀ wà. Mo ní, "Ẹ ń sọ pé mò ń rò ó lásán nìyẹn?" Ó ní rárá, ó sì pe ẹni tó kàn wọlé.

Ni mo bá lọ ń kàwé. Mo rí iṣẹ́ Walter Cannon, onímọ̀ iṣẹ́ ẹ̀yà ara ní yunifásítì Harvard, tó ní ìbínú àti ìbẹ̀rù máa ń dá agbẹ̀du dúró. Inú mi dùn pé ẹnìkan mọ ohun tó ń ṣe mí. Àfi bí mo ṣe tún kà pé Barry Marshall àti Robin Warren, dókítà méjì ní Perth ní Ọsirélíà, ti fi hàn pé kòkòrò ló ń fa ọgbẹ́ inú, pé àwọn tó ń di gbogbo rẹ̀ ru àníyàn ti ṣì í. Wọ́n fún wọn ní Nobel lọ́dún 2005. Ṣé ìyẹn ò ti wó ohun tí Cannon kọ́ lulẹ̀? Ta ni kí n gbà gbọ́?

Jagunlabí:
Ọ̀gá mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Serotonin ni gbogbo rẹ̀, èròjà kan tí iṣan fi ń ránṣẹ́ nínú ara. Inú ìfun ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ wà. Tí ìfun bá ti dáa, á gòkè lọ sí ọpọlọ, inú èèyàn á máa dùn. Ẹ wá wàrà tó ní àwọn kòkòrò rere nínú, ẹ máa mu ún. Ó tán.

ÌyáLábù:
Jagunlabí, rọra. Òótọ́ ni pé nǹkan bí 90 sí 95 nínú 100 serotonin ara wà nínú ìfun. Ṣùgbọ́n kì í gba inú ẹ̀jẹ̀ wọ ọpọlọ, ààlà tó wà láàárín àwọn méjèèjì kì í jẹ́ kó kọjá. Ọpọlọ ń ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ti inú ìfun, iṣẹ́ ìfun ló ń ṣe: òun ló ń mú kó máa sún oúnjẹ lọ, òun ló sì ń ta àwọn iṣan ìmọ̀lára tó wà níbẹ̀ jí.

Ìwọ Akọ̀wéOwó, gbọ́. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n yàrá ìwádìí nípa iṣẹ́ ẹ̀yà ara ni mo ti lo ayé mi, mo sì máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fa ọ̀rọ̀ Cannon yìí, torí ìparí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń há sórí. Ìbẹ̀rẹ̀ ló dùn jù. Cannon ò wá ìbínú tàbí ìbẹ̀rù kiri rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni lọ́dún 1896, ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí Röntgen rí ìtànṣán X tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ara. Ó ń po bismuth, irin kan tí ìtànṣán náà kì í là kọjá, mọ́ oúnjẹ kí òjìji rẹ̀ lè hàn, ó ń fún ológbò jẹ, ó sì ń wo bí agbẹ̀du ṣe ń ṣe ìgbì-ìgbì tó fi ń ti oúnjẹ lọ. Ohun tó fẹ́ rí ò ju ìyẹn lọ. Àmọ́ àwọn ológbò kan ò gbà kí wọ́n de àwọn mọ́lẹ̀. Wọ́n á máa jà, wọ́n á máa bínú, ìgbì náà á sì dáwọ́ dúró pátápátá.

Ìdíwọ́ iṣẹ́ gbáà ni! Mo mọ àwọn èèyàn tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n á yọ irú ológbò bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìwé, wọn ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Cannon kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún kọ ọ́ pé nígbà tí òun fọwọ́ pa ológbò kan lára títí ara rẹ̀ fi rọ̀, tó ń kùn hùn-ùn bí wọ́n ṣe ń ṣe, ìgbì náà bẹ̀rẹ̀ padà. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1898, nínú ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ American Journal of Physiology. Ìwé ńlá tó fi kó ọ̀rọ̀ ìrora, ebi, ìbẹ̀rù àti ìbínú pọ̀ ò jáde títí di 1915.

Ta ló máa wá sọ fún ológbò pé ó ń rò ó lásán? Agbẹ̀du dúró, ojú sì rí i. Ohun tí dókítà rẹ ì bá fara balẹ̀ ṣàlàyé nìyẹn.

Ní ti Marshall àti Warren, ìbéèrè tiwọn yàtọ̀. Wọ́n bèèrè ohun tó ń dá egbò sínú agbẹ̀du àti ẹnu ìfun. Kòkòrò tó ń jẹ́ Helicobacter pylori ni ìdáhùn, pẹ̀lú àwọn oògùn ìrora bí aspirin. Cannon bèèrè ohun tó ń dá ìrìn oúnjẹ dúró. O ò tiẹ̀ ní egbò, kí ló wá kàn ọ́ nínú ìjà yẹn?

Tí o bá fẹ́ mọ ibi tí àṣìṣe ti wọlé, lọ ka ti Stewart Wolf àti Harold Wolff, ìwé wọn jáde ní 1943. Ọkùnrin kan wà tí wọ́n pè ní Tom. Ọmọ ọdún 9 ni lọ́dún 1895 nígbà tó gbé ọbẹ̀ gbígbóná mì, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ jóná, ó dí. Wọ́n lu ihò sí i níkùn, ibẹ̀ ló ń gbà bọ́ ara rẹ̀ títí ó fi dàgbà. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn dókítà wọ̀nyí ní New York, wọ́n ń wo inú agbẹ̀du rẹ̀ tààrà. Tó bá bínú, tó di ẹnìkan sínú, ara agbẹ̀du á pọ́n, ásíìdì á pọ̀ sí i. Tẹ́rù bá bà á, ara agbẹ̀du á funfun, iṣẹ́ rẹ̀ á falẹ̀. Ohun tí wọ́n rí péye. Fífò láti orí pípọ́n sórí egbò, pé ìbínú ló ń dá egbò sílẹ̀, ni kò ní afárá.

(Dókítà William Beaumont ti rí irú rẹ̀ ṣáájú gbogbo wọn, lára Alexis St. Martin tí ìbọn dá ihò sí níkùn ní Mackinac lọ́dún 1822. Mélòó nínú ohun tá a mọ̀ nípa agbẹ̀du ni kò ti inú ihò ara ẹlòmíì wá?)

Akọ̀wéOwó:
Ẹ ṣé gan-an mà. Ìbẹ̀rù ni tèmi nìyẹn, kì í ṣe ìbínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo bínú sí dókítà yẹn. Ohun kan ṣì ń dà mí láàmú. Láìpẹ́ yìí, ikùn á kọ́kọ́ dí, kí àyà mi tó wá máa já láìnídìí. Èwo ló wá ṣáájú?

ÌyáLábù:
Méjèèjì lè ṣáájú. Iṣan vagus tó so ọpọlọ mọ́ agbẹ̀du àti ìfun, nǹkan bí 80 nínú 100 fọ́nrán rẹ̀ ló ń gbé ìròyìn gòkè, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń gbé àṣẹ sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ará Ọsirélíà tọ àwọn èèyàn lẹ́yìn fún ọdún 12, wọ́n sì gbé e jáde ní 2012. Àwọn tó ní àníyàn níbẹ̀rẹ̀ ló tún ní àìsàn inú jù lẹ́yìn náà. Àwọn tí inú ń dà láàmú níbẹ̀rẹ̀, tí wọn ò ní àníyàn kankan, àwọn náà ló wá ní àníyàn jù. Nítorí náà, má fi ọ̀rọ̀ èwo-ló-ṣáájú pa ara rẹ.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́:
Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Akọ̀wéOwó, ẹ̀yin nìkan kọ́ ló ń ṣe. Ìwádìí kan tó jáde ní 2021 bi èèyàn tó lé ní 73,000 léèrè ní orílẹ̀-èdè 33. Nínú àwọn tó dáhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nǹkan bí 40 nínú 100 ló ní ó kéré tán ọ̀kan nínú irú àwọn àìsàn àárín ọpọlọ àti ìfun yìí. Tí wọ́n bá wá fún yín ní amitriptyline díẹ̀, oògùn tí wọ́n tún ń fi wo ìbànújẹ́ ọkàn, ẹ má rò pé wọ́n ń pè yín ní alárùn ọpọlọ. Ìwọ̀n kékeré tí wọ́n ń lò fún inú kò tó èyí tí wọ́n ń fi wo ìbànújẹ́ ọkàn. Wọ́n dán an wò lára èèyàn 463 ní England, èsì rẹ̀ jáde ní 2023, ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́ ju oògùn ìfiwéra tí kò ní nǹkan kan nínú lọ. Ṣùgbọ́n ìfun tó ń run àwọn èèyàn wọ̀nyẹn, tó ń yà wọ́n nígbẹ̀ẹ́ tàbí tó ń há ni wọ́n fi wò, kì í ṣe oúnjẹ tó jókòó síkùn bíi tiyín. Ẹ bi dókítà bóyá ó bá tiyín mu.

Tẹ́ ẹ bá ń rù, tẹ́ ẹ bá ń bì lemọ́lemọ́, tí ìgbẹ́ bá dúdú tàbí kó ní ẹ̀jẹ̀, tí oúnjẹ bá ń há yín lọ́fun, ẹ tètè padà lọ. Ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù.

Jagunlabí:
Mo gbà ti serotonin, mà. Ṣùgbọ́n wàrà tí mo sọ ńkọ́? Wọ́n ní àwọn ará UCLA, yunifásítì kan ní Los Angeles, yàwòrán ọpọlọ àwọn tó mu ún, ó sì yí padà.

ÌyáLábù:
Ó yí padà lóòótọ́, ní 2013. Obìnrin 36 ni gbogbo wọn, ara wọn sì dá ṣáṣá. Apá kan nínú wọn ló mu wàrà náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí ọpọlọ wọn ṣe ń ṣe tí wọ́n bá rí àwòrán ojú tó ń bínú tàbí tó ń bẹ̀rù ló yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé inú wọn dùn sí i, kò sì sí ẹni tí oúnjẹ jókòó sí níkùn láàárín wọn. Ẹ mu ún tó bá wù yín.

Akọ̀wéOwó:
Mò ń padà lọ bá dókítà. Ṣé wọ́n lè wọn bí agbẹ̀du mi ṣe ń tú oúnjẹ sílẹ̀, bí Cannon ṣe ń wo ti ológbò?

Nọ́ọ̀sìAlẹ́:
Wọ́n lè wọ̀n ọ́n. Ẹ máa jẹ oúnjẹ tí wọ́n fi ìwọ̀nba nǹkan olítànṣán sí, wọ́n á máa yà á láwòrán títí di wákàtí mẹ́rin, wọ́n á sì rí èyí tó kù nínú agbẹ̀du. Ẹ sọ gbogbo oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò fún wọn kí ọjọ́ náà tó pé, pàápàá àwọn oògùn ìrora tó lágbára bíi morphine àti codeine, torí wọ́n máa ń mú kí agbẹ̀du falẹ̀.