Ilẹ̀ tó ṣófo ní Kúdẹtì: ẹ sọ ìrírí yín lórí ilé olówó pọ́ọ́kú

Àbẹ̀kẹ́, Mọ́lété

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ ní ká sọ ìrírí wa lórí ilé olówó pọ́ọ́kú nígboro, tèmi rèé. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ra ilẹ̀ lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí kan nítòsí odò Kúdẹtì, n'Ìbàdàn níbí. Ilé àtijọ́ ibẹ̀ ti wó, igbó ti bò ó, àdúgbò sì ti sọ ọ́ di ààtàn. Ìdílé 18 ló fẹ́ kọ́lé síbẹ̀: aláta, télọ̀, tíṣà, àwọn tí ń wa Márúwá. Èmi ni wọ́n ní kí n ya pláànì.

Mo gbé ti àkọ́kọ́ dé ìpàdé tayọ̀tayọ̀. Ìlà mẹ́ta, gbogbo ilé kọjú sí títì. Mo ń ṣàlàyé lọ́wọ́ ni ìyá kan tí ń ta ẹ̀kọ l'Ọ́jàa'ba fi ìka lé ìwé mi.

"Ọmọ mi, ibo lomi ó gbà?"

Mo ní a ó la gọ́tà.

"N ò bi ọ́ ní gọ́tà. Omi ti ń gba ibí kọjá kí wọ́n tó gbé mi wọlé ọkọ."

Ó fà mí lọ́wọ́ jáde, ó fi ògiri ilé kejì hàn mí. Ìlà ẹrẹ̀ kan wà lára rẹ̀, ó ga dé àyà mi. Omi ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 ló fàmì síbẹ̀. Ìyá náà fojú ara rẹ̀ rí omíyalé Ògùnpa ti 1980 pẹ̀lú. Bó ṣe ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ká pláànì mi, mo gbé e lọ sílé. N ò sùn lóru ọjọ́ náà.

Pláànì kejì, ọ̀nà omi la kọ́kọ́ yà. A ò kọ́ nǹkankan síbẹ̀, ọgbà ẹ̀fọ́ àti pápá ọmọdé la fi ṣe. Ẹ̀yìn ìyẹn la wá to ilé yí àgbàlá ká bí agbo ilé tẹ́ ẹ mọ̀ ní Bẹẹrẹ, kí aláta rí ibi sá ata, kí ojú tó gbogbo ọmọ. Ẹ̀gbẹ́ ilé tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má jó yàrá. Fèrèsé dojú kọ fèrèsé kí atẹ́gùn lè gba àárín kọjá, òrùlé sì yọ síta gan-an kí òjò má na ògiri.

Ògiri ló dá ìjà sílẹ̀. Mo ní ká fi erùpẹ̀ pupa ṣe búlọ́ọ̀kù, ká po sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ ọn. Tíṣà bínú dìde: "Ilé alámọ̀? Ṣé torí a ò lówó ni?" N ò bá a jiyàn. Mo kó wọn lọ sí Mókólá, síbi tí Demas Nwoko, ayàwòrán ilé, fi irú búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀ kọ́ ilé iṣẹ́ ọnà rẹ̀, New Culture. Òun kan náà ni wọ́n fún ní Golden Lion, ẹ̀bùn ńlá àwọn ayàwòrán ilé, ní Venice lọ́dún 2023. Ọ̀sán gangan ni; tíṣà fọwọ́ lé ògiri, kò sì tètè gbé e kúrò.

Owó ò tó, kò sì lè tó. A wo ohun tí ayàwòrán ilé kan, Alejandro Aravena, ṣe ní Iquique, ní Chile: ó kọ́ ìdajì tó ṣòro jù, ilé ìdáná, balùwẹ̀, òpó, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún onílé láti máa kọ́ bí agbára bá ṣe gbé e. Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ ìkọ́lé pẹ́ kó tó jáde, sìmẹ́ńtì sì ti wọ́n gógó ká tó bẹ̀rẹ̀. Ilé méje péré nínú 18 ló dúró títí dòní. Ó ń dùn mí.

Bíríkìlà Agbówó

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ n fi ti búlọ́ọ̀kù yẹn kún un. Erùpẹ̀ dúdú tòkè, ẹ kó o kúrò. Pupa ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbẹ́. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ fi ọ̀rá bò ó, kẹ́ ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Èmi kánjú lẹ́ẹ̀kan l'Ápẹ̀tẹ́. Igun búlọ́ọ̀kù ń já bọ́ bíi búrẹ́dì gbígbẹ, owó ara mi ni mo fi tún un kọ́.

Àbẹ̀kẹ́, Mọ́lété

O ṣé, àbúrò mi. Ìyá ẹlẹ́kọ ló ni ilé kẹta. Lẹ́yìn òjò ńlá ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí láago mẹ́fà òwúrọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, omi ti kọjá. Ewédú nìkan ló wó."