Ìlapa ni, kì í ṣe ìlapá

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi,

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Ìkòròdú kọ̀wé pé “ẹ̀rọ ìlapá-èrò” ni kí a máa pe ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to kókó ọ̀rọ̀ sábẹ́ ara wọn. Wọ́n fi àmì òkè sórí “pa” náà, wọ́n ní apá-apá ni ètò náà ń la èrò sí. Mo bọ̀wọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi kọ́ni, ṣùgbọ́n mi ò lè gba ohùn yẹn. “Ipa” ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ipa inú “ipa ọ̀nà”, èyí tí a tún ń gbọ́ nínú “tọpa”. Gbogbo wa ni olùkọ́ sọ fún pé kí a ṣe ìlapa èrò kí a tó kọ àròkọ, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ ohùn òkè lẹ́nu wọn. Ẹni tí ó bá ń la apá, alápatà ni.

Ọ̀rọ̀ náà ju àmì lọ. Apá tí a ti là kò so mọ́ra mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwúlò ètò yìí ni pé bí akọlé kan bá ṣí nípò, gbogbo ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ a tẹ̀ lé e. Nígbà tí Douglas Engelbart, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, fi irú ètò yìí tí òun ṣe han àwọn ènìyàn ní San Francisco ní oṣù Kejìlá ọdún 1968, àkọsílẹ̀ ọjà tí ó fẹ́ rà ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ: ó pín in sí ìsọ̀rí, ó ká a títí ó fi ku orí ọ̀rọ̀ nìkan, ó sì tún tẹ́ ẹ.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ lo “ká” àti “tẹ́”, nítorí ẹlòmíràn ti dá “súnkì” àti “fẹ̀” sílẹ̀ fún wa. Aṣọ ni ó ń súnkì, èyí tí ó bá sì súnkì kì í padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Ní Ẹ̀pẹ́, ìyá mi àgbà a máa ká ẹní wọn ní ìdájí, tìrọ̀rí-tìrọ̀rí. Ohun tí ó wà nínú ẹní náà kò sọnù, ẹ ṣáà tẹ́ ẹ.

Àwọn kan tún ní ọjọ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ ti lọ, nítorí ẹ̀rọ tí ń dá kọ̀wé lè la ipa àròkọ fún ènìyàn kí ó tó ṣẹ́jú. Ó lè là á lóòótọ́. Èmi kì í mọ ohun tí mo fẹ́ sọ títí n ó fi gbé kókó kan kúrò lábẹ́ òmíràn ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, iṣẹ́ yẹn ni mi ò sì lè bẹ ẹlòmíràn.

Ní ti ẹni tí ó ní àwa ará Ẹ̀pẹ́ kò lè dá ohùn mọ̀, kí ó kọ́kọ́ sọ fún wa ìdí tí ó fi kọ “ètó” ní ẹ̀ẹ̀mẹta nínú lẹ́tà rẹ̀.