Fàájì wa ní yunifásítì àti ilé tí kálukú ti wá: ẹ wá sọ tiyín

Akẹ́kọ̀ọ́_Àná

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ kan ló ti ń jà gùdù lọ́kàn mi látìgbà tí mo ti kúrò ní yunifásítì, mo ní kí n gbé e wá síbí kí kálukú sọ ohun tójú ẹ̀ rí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé o, kì í sì í ṣe ti aṣọ àti fóònù olówó gọbọi, ìyẹn ò le, ojú lásán ń rí i. Fàájì ni mò ń bèèrè. Irú orin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́, ibi tẹ́ ẹ̀ ń forí lé ní wíkẹ́ǹdì, fíìmù tẹ́ ẹ̀ ń wò, eré ìdárayá tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n máa ń sọ pé ohun tó bá wu kálukú ló wù ú, mi ò bá wọn jiyàn, àmọ́ kí ló dé tó jẹ́ pé ohun tó ń wu àwọn ọmọ ilé ńlá máa ń jọra, tohun tó ń wu àwa yòókù náà sì ń jọra?

Ẹ jẹ́ n fi tèmi ṣíde. Ìgbà kan dípátímẹ́ǹtì kó wa lọ síbì kan létí òkun fún ìwádìí, nígbà tó di alẹ́ kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fọ́tò sórí gúrúùpù WhatsApp wa. Àwa ọmọ mẹ̀kúnnù, ara wa la yà: a dúró ti bọ́ọ̀sì, a dúró síwájú oòrùn tó ń wọ̀, a nawọ́ sókè, eyín wà níta rekete. Ọmọ kan wà láàárín wa tí bàbá ẹ̀ jẹ́ dókítà, tí ìyá ẹ̀ jẹ́ adájọ́, kò sójú ẹ̀ nínú fọ́tò tiẹ̀ kankan. Géètì irin tó ti dípẹtà. Ògiri tí ọ̀dà ẹ̀ ń ṣí bí awọ ejò. Okùn ọkọ̀ ojú omi kan tó wé mọ́ra wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, òun nìkan ṣoṣo, kò séèyàn níbẹ̀. Ẹnì kan bi í bóyá fóònù ẹ̀ ló já lọ́wọ́ ẹ̀ tó fi ya ìyẹn, gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ àwọn méjì míì tí wọ́n jáde irú sẹ́kọ́ńdírì tó jáde ò rẹ́rìn-ín rárá, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ nípa bí ìmọ́lẹ̀ ṣe bà lé géètì. Ìmọ́lẹ̀ o! Lára géètì tó yẹ kí wọ́n ti tà fún oníkọ́ńdẹ̀mù.

Ó yá, ta ló kàn?

Ẹ̀gbọ́n_Sọsiọ́lọ́jì

Àbúrò, géètì ẹ yìí pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹnì kan ti fi irú ẹ̀ ṣe ìwádìí kí wọ́n tó bí ọ. Pierre Bourdieu, onímọ̀ nípa àwùjọ, ará Faransé. Lọ́dún 1963, àti láàárín 1967 sí 1968, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fọ̀rọ̀ wá èèyàn 1,217 lẹ́nu wò nípa ohun tí wọ́n fẹ́ràn, ọ̀kan lára ìbéèrè náà ni pé nínú nǹkan báyìí báyìí, èwo ni fọ́tò ẹ̀ lè rẹwà? Oòrùn tó ń wọ̀ wà níbẹ̀, èèpo igi wà níbẹ̀, kábéèjì wà níbẹ̀, ọkọ̀ tó forí gbárí pàápàá wà níbẹ̀. Àwọn tí wọn ò kàwé púpọ̀ mú oòrùn. Bí èèyàn bá ṣe kàwé tó, tílé wọn sì ti ń kàwé bọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sọ pé èèpo igi náà lè rẹwà, kábéèjì náà lè rẹwà. Ọdún 1979 ló kó gbogbo ẹ̀ jọ sínú ìwé.

Àlàyé ẹ̀ ni pé ẹni tí àìní kò lé léré rí, ó lè dúró wo nǹkan láìbèèrè pé kí ló wúlò fún. Ọmọ tó dàgbà síbi tí gbogbo nǹkan ti gbọ́dọ̀ níṣẹ́ tó ń ṣe, tẹ́ ẹ bá fi kámẹ́rà lé e lọ́wọ́, ohun tó yẹ ní yíyà ló máa yà, ẹ̀rí pé òun débẹ̀, ohun tí wọ́n máa rí nílé tínú wọn á dùn. Kì í ṣe pé kò lójú ọnà. Mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé Bourdieu yìí ò kọ ọ́ láti òkèèrè o, abúlé kan ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Faransé ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1930, ilé ìfìwéránṣẹ́ ni bàbá ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ìwé ló gbé e dé Paris sáàárín àwọn ọmọ ilé ńlá. Ó mọ bó ṣe ń ṣeni.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, òun lẹ̀kọ́ ibẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń tẹ duùrù sí létí kó tó mọ A B D, tó bá dé yunifásítì kò ní mọ̀ pé òun kọ́ nǹkan kan, á rò pé ara òun ló wà.

Jẹ́jẹ́layé

Ẹ̀gbọ́n, gbólóhùn yín tó gbẹ̀yìn yẹn gan-an ni tèmi. Ẹ̀yin ń sọ ti fọ́tò, inú omi lèmi ti rí tèmi.

Wọ́n ṣe pátì ìparí sáà létí ibi ìlúwẹ̀ẹ́, wọ́n ní kí gbogbo wa máa bọ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ báyìí la ti pín sí méjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pín wa: àwọn kan ti bẹ́ sómi gbàmù, àwọn kan jókòó sétí ẹ̀ wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, wọ́n ń tẹ fóònù bí ẹni tó níṣẹ́ pàtàkì ṣe. Mo wà pẹ̀lú àwọn onífóònù. Mo wá bi ọ̀rẹ́ mi kan tó ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja pé ta ló kọ́ ọ, ó ronú títí, ó ní òun ò rántí. Kò rántí! Èmi mo rántí ẹni tó kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe, mo rántí ọjọ́ tí mo mọ kẹ̀kẹ́ gùn, mo rántí kẹ̀kẹ́ ẹni tó jẹ́. Tiẹ̀, wọ́n ti kọ́ ọ pátápátá kó tó lọ́pọlọ tó lè fi rántí, ó wá rí bí ìgbà tí wọ́n bí i mọ́ ọn. Tó bá sì wo àwa tá a jókòó sétí omi, ohun tó ń rí ni àwọn èèyàn tí "kì í fẹ́ràn omi."

Èyí tó wá dùn mí jù ni ti ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé. Mo fẹ́ràn eré ṣíṣe gan-an, ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀. Ọ̀fẹ́ sì ni, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Àmọ́ alẹ́ ni wọ́n fi ń dánra wò, àti Sátidé láti àárọ̀, Sátidé yẹn ni mo fi ń dáhùn fóònù àwọn oníbàárà tó ń bínú níbi iṣẹ́ tí mo fi ń sanwó yàrá. Ẹni tó ń ṣètò ẹ̀ ní kí n yáa máa wá nígbà tí mo bá ráyè, mo lọ, wọ́n ti pín ipa tán, wọ́n ní kí n máa bá wọn di kọ́tìnnì mú. Nígbà tá a máa jáde, lẹ́kíṣọ́rà kan tó fẹ́ kọ lẹ́tà fún mi ní kí n dárúkọ ẹgbẹ́ tí mo ṣe, mo ní kò sí, ó ní "háà, o ò kọbi ara sáyé lẹ́yìn ìwé." Sà, ayé gan-an ni mo ń ṣe ní Sátidé.

Ọ̀gbẹ́ni_Síríọ́ọ̀sì

Mo gbọ́ gbogbo yín, ṣùgbọ́n ẹ ti fẹ́ sọ ọ́ di olówó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tálákà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbi tèmi. Tíṣà ni bàbá mi, owó ò sí nílé rárá, ìwé ló kún ibẹ̀ débi pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ìwé ni. Rúmméètì mi, bàbá tiẹ̀ ń ta irin ìkọ́lé, owó wà bí omi, ó ní lápútọ́ọ̀pù méjì, ó ní sípíkà tó ń mi fèrèsé, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kan nílé wọn àfi ti ìgbàgbọ́ àti ìwé ìṣirò owó. Tá a bá lọ sáàárín àwọn ọmọ lẹ́kíṣọ́rà, èmi tí mi ò ní ṣílè lápò lọ̀rọ̀ máa ń yé, òun ló máa ń wo aago. Tó bá wá di ibi ìnáwó, èmi ni mo máa ń sọ pé inú ń run mí kí n lè sùn sílé. Nítorí náà, ta ló ga nínú àwa méjèèjì?

Èkejì, àwọn ọmọ olówó tí mo mọ̀ kì í gbọ́ orin duùrù kankan o. Orin ìgboro ni wọ́n ń gbọ́, wọ́n mọ̀ ọ́n ju àwa tá a dàgbà sígboro lọ.

Ẹ̀gbọ́n_Sọsiọ́lọ́jì

Ọ̀gbẹ́ni, o ò jìnnà sóòótọ́. Bourdieu náà sọ ti àkọ́kọ́ yẹn: ó ní owó jẹ́ ọ̀kan, ìmọ̀ àti àṣà tí èèyàn bá nílé jẹ́ ọ̀tọ̀, wọn kì í sábà pọ̀ bákan náà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ó fi àwọn olùkọ́ sápá kan, àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ sápá kejì, ó ní inú ilé ńlá kan náà ni wọ́n ti ń bára wọn jà lórí ohun tó yẹ kó níyì. Ìwọ àti rúmméètì ẹ gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ti èkejì, Richard Peterson àti Roger Kern ní Amẹ́ríkà tẹ nǹkan jáde lọ́dún 1996, wọ́n fi ohun táwọn èèyàn sọ lọ́dún 1982 wé ti 1992. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tó fẹ́ràn orin àwọn ọ̀tọ̀kùlú kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n ń gbọ́ mọ́, wọ́n ti ń gbọ́ oríṣiríṣi, tàwọn tó wà nísàlẹ̀ náà wọ́n ń gbọ́. Torí náà ẹni ńlá òde òní, tibí tọ̀hún ló ń mọ̀.

Dúdúyẹmí

Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ẹ jẹ́ n fi ata sí i. Ọmọ olówó tó bá gbọ́ orin ìgboro, wọ́n á ní etí ẹ̀ là, ó mọ gbogbo nǹkan. Èmi tí mo bá gbọ́ orin kan náà, wọ́n á ní ibi tí mo ti wá nìyẹn. Orin kan náà o! Nínú yàrá kan náà! Ó lè sọ̀kalẹ̀ wá bá mi kó tún padà sókè nígbà tó bá wù ú, àkàbà tiẹ̀ ò lọ síbì kan.

Ti pátì náà ńkọ́, ẹ ò tíì sọ ìyẹn. Mo tẹ̀ lé àwọn ọmọbìnrin kan lọ́dún kejì, alaalẹ́ la ń jáde, a gbádùn ara wa, n ò ní purọ́. Èsì ìdánwò jáde, kò dáa fún èmi, kò dáa fún àwọn náà. Àwọn ti ríṣẹ́ báyìí, ọ̀rẹ́ bàbá ẹnì kan, ọ̀rẹ́ ìyá ẹnì kan. Pátì yẹn ń ṣiṣẹ́ fún wọn nígbà tí mo rò pé fàájì la jọ ń ṣe. Elizabeth Armstrong àti Laura Hamilton kọ ìwé lórí irú ẹ̀ lọ́dún 2013, wọ́n lọ gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọbìnrin ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn títí wọ́n fi jáde. Nígbà tí mo kà á, mo pa á dé, mo lọ rìn díẹ̀ kí n tó padà sí i.

AgbáBọ́ọ̀lù7

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí níbí o. Mò ń kọ CV lọ́wọ́, ibi tí wọ́n ti ní kéèyàn kọ ohun tó ń fi ọwọ́ dilẹ̀ ṣe ni mo dé. Bọ́ọ̀lù ni tèmi, bọ́ọ̀lù orí pápá eléruku lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì, kò sí nǹkan míì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n pa á rẹ́ kí n kọ tẹ́níìsì. Mi ò tíì di rákẹ́ẹ̀tì mú rí láyé mi.

Ẹ̀gbọ́n_Sọsiọ́lọ́jì

Ọ̀rẹ́ ẹ ò ya wèrè, ó ti rí nǹkan. Lauren Rivera àti András Tilcsik tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2016: wọ́n fi CV àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin tí wọ́n hùmọ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò 316 ní Amẹ́ríkà. Ìwé kíkà ọgbọọgba, máàkì ọgbọọgba, fàájì àti irú nǹkan kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni wọ́n yí padà. Ẹnì kan ń wa ọkọ̀ onígbòkun, ó ń gun ẹṣin gbá pólò, ó ń gbọ́ orin àwọn ọ̀tọ̀kùlú. Ẹnì kejì ń sáré ìje, ó ń gbá bọ́ọ̀lù, ó ń gbọ́ orin country, ìyẹn orin àwọn ará ìgbèríko Amẹ́ríkà. Ọkùnrin ọlọ́kọ̀ ìgbòkun, bíi 16% àwọn ọ́fíìsì tó kọ̀wé sí ló pè é. Ọkùnrin bọ́ọ̀lù, kò ju bíi 1% lọ. Àmọ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọkùnrin nìkan ló jèrè ẹ̀, obìnrin tó kọ nǹkan ilé ńlá kan náà ò rí èrè nínú ẹ̀, bíi 4% ni tiẹ̀, wọ́n ń rò pé kò ní pẹ́ táá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ tọ́jú ilé.

Jẹ́jẹ́layé

Ó ga o. Obìnrin ò tiẹ̀ ríbi fàájì ẹ̀ sí.

AgbáBọ́ọ̀lù, má kọ tẹ́níìsì o jàre. Ọ̀gá tó máa bi ọ́ léèrè lè jẹ́ ẹni tó ń gbá a láràárọ̀, á ní èwo nínú àwọn agbátẹ́níìsì lo fẹ́ràn jù, o ó wá máa làágùn. Mo mọ̀ pé ìwọ lo máa ń ṣètò ìdíje họ́sítẹ́ẹ̀lì yín, o sọ ọ́ lọ́jọ́sí. Kọ ìyẹn. Kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ báyìí ló wà níbẹ̀, ìwọ lò ń gbowó, ìwọ lò ń wá rẹfirí, ìwọ lò ń ṣe táímútébù.

Ọ̀gbẹ́ni_Síríọ́ọ̀sì

Mo fara mọ́ sìstá. Fi iye ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀ sí i, wọ́n fẹ́ràn nọ́ńbà.

AgbáBọ́ọ̀lù7

Ẹgbẹ́ mọ́kànlá ni. Rẹfirí tí wọ́n lé jáde lórí pápá ní ìparí ọdún tó kọjá ńkọ́, tó jẹ́ èmi ni mo parí ìjà náà?

Jẹ́jẹ́layé

Ìyẹn gan-an ni kó o fi ṣáájú. "Mo máa ń parí ìjà." Iṣẹ́ agbẹjọ́rò kọ́ lò ń wá ni?