Bàbá mi ni wọ́n bí ní Toronto: ṣé ọmọ Kánádà ni àwọn ọmọ mi?

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ọdún 1968 ni wọ́n bí bàbá mi ní Toronto, níbi tí àwọn òbí wọn ti lọ kàwé; wọ́n kó wọn wá sí Ìbàdàn ní kékeré, wọn kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ìbàdàn ni wọ́n bí èmi sí ní ọdún 1994, mo bí àkọ́bí mi ní London ní ọdún 2019, oyún mìíràn sì wà nínú mi báyìí. Ta ni òfin Kánádà kà sí ọmọ rẹ̀ nínú wa, ìwé wo ni kí n sì kọ́kọ́ wá?

Ẹ̀gbọ́n Ottawa:
A óò gbọ́ ohùn ìyá, a óò gbọ́ tọmọ o. Ọmọ Kánádà ni bàbá yín láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn síbẹ̀, àyàfi bí àwọn òbí wọn bá jẹ́ aṣojú ìjọba Nàìjíríà nígbà náà, nítorí òfin yọ ọmọ irú wọn sílẹ̀. Ẹ̀yin náà jogún rẹ̀ lára wọn, bí ẹ kò tilẹ̀ gba pásípọ́ọ̀tì rí.

Òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 17 oṣù Kẹrin ọdún 2009 ni ó dí ọ̀nà mọ́ àkọ́bí yín, nítorí ó ní ìran àkọ́kọ́ tí wọ́n bá bí sí òkè òkun ni ogún náà gbọ́dọ̀ parí sí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ilé ẹjọ́ kan ní Ontario, ìpínlẹ̀ tí Toronto wà, dájọ́ pé ó tako ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú. Àwọn aṣòfin wá tún un ṣe, àtúnṣe náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 15 oṣù Kejìlá ọdún 2025. Àwọn tí wọ́n ti bí ṣáájú ọjọ́ yẹn, tí ìdènà yẹn nìkan mú, ti di ọmọ Kánádà, àkọ́bí yín sì wà lára wọn.

Ó dùn mí pé ti inú yín yàtọ̀. Bí ẹ kò bá bí i sí Kánádà, ó di dandan kí ẹ̀yin tí wọ́n bí sí òkèèrè ti lo ọjọ́ 1,095 níbẹ̀ kí ẹ tó bí i.

Ìyá Ìbejì:
Ìwé ẹ̀rí ìjẹ́-ọmọ-ìlú Kánádà ni ẹ máa béèrè fún, dọ́là Kánádà 75 sì ni owó rẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ gba ẹ̀dà kíkún ti àkọsílẹ̀ ìbí bàbá yín lọ́wọ́ ìjọba Ontario, èyí tí orúkọ àwọn òbí wọn wà nínú rẹ̀. Ìwé kékeré tí kò dárúkọ òbí ni èmi fi ránṣẹ́, wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà, oṣù mẹ́rin sì ṣòfò. Bí orúkọ òyìnbó bá ṣáájú nínú ìwé ti Toronto, tí Yorùbá sì ṣáájú nínú ti Ìbàdàn, ẹ fi ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ tì í.

Akọ̀wé Àgbà:
Ẹ má bẹ̀rù nípa Nàìjíríà: ìwé òfin ọdún 1999 kò gba ìjẹ́-ọmọ-ìlú lọ́wọ́ ẹni tí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà láti ìbí.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Mo dúpẹ́ púpọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni bàbá bàbá mi, wọn kò ṣiṣẹ́ aṣojú rárá. Ọ̀la ni màá kọ̀wé sí Ontario. Ó ń dùn mí pé ọmọ ìyá kan náà kò ní jogún bákan náà, èmi àti ọkọ mi yóò sì jókòó sọ ọ́ lálẹ́ òní.