Ẹbí háyà: iye tó ń náni, ohun tí wọ́n ń kọ́ sórí, àti ibi tí àṣírí ti ń tú

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Japan tó ń sanwó kí èèyàn wá ṣe bàbá, ìyá, ọ̀gá tàbí ọ̀rẹ́ fún wọn fún wákàtí mélòó kan, ẹ̀rín la máa ń fi í rín. Ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀rín tì ná, ká sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀; níbi tí àmì ìràwọ̀ (*) bá wà, kí ẹlòmíì fi tiẹ̀ kún un.

Kì í ṣe nǹkan àná. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ilé iṣẹ́ kan ní Tokyo tó ń jẹ́ Japan Efficiency Corporation, tí Satsuki Oiwa jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ń rán “ọmọ”, “ìyàwó ọmọ” àti “ọmọọmọ” lọ kí àwọn àgbàlagbà tí ọmọ tiwọn ò ráyè wá. Wọ́n á jọ jẹun, wọ́n á gbọ́ ìtàn tí bàbá ti sọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, wọ́n á gbé ọmọ lé ìyá àgbà lẹ́sẹ̀, wọ́n á sì máa lọ. Àwọn àgbà yẹn mọ̀ pé ọmọ háyà ni. Nígbà míì, ọmọ bíbí inú wọn gan-an ló san owó rẹ̀. Oríṣi kejì ni èyí tí ẹni tí wọ́n wá bá kò mọ nǹkan kan. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ má pa wọ́n pọ̀. Bí èyí àkọ́kọ́ bá bàjẹ́, àfi kó má dùn. Èkejì lè tú lójú agbo.

Ìgbéyàwó ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí òun ni ìdí rẹ̀ pọ̀ jù.

Àga ló ń lé wọn débẹ̀. Àsè ìgbéyàwó ní Japan kì í ṣe ohun tí ẹni tó ń kọjá lọ lè yà sí. Gbogbo ẹni tó ń bọ̀ ló ní àga, orúkọ rẹ̀ àti ohun tó jẹ́ fún tọkọtaya sì wà nínú ìwé ìjókòó tí wọ́n tẹ̀ fún gbogbo èèyàn: “ọ̀rẹ́ ìyàwó ní yunifásítì”, “ọ̀gá ọkọ níbi iṣẹ́”. Bí ìhà ọkọ bá kún tí tìyàwó ṣófo, kò sẹ́ni tí kò ní rí i. Ní ọdún 2009, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ náà ń gba nǹkan bí 15,000 yen, owó Japan, lórí ẹni tó bá kàn wá jókòó. Tó bá máa kọrin tàbí jó, 5,000 sí i. Tó bá máa sọ̀rọ̀ tó wọni lára níwájú èrò, 10,000 sí i.

Ìyẹn gan-an kọ́ ni ìnáwó ńlá. Ọ̀rẹ́ tó bá lọ sí ìgbéyàwó níbẹ̀ máa ń mú owó dání nínú àpòòwé. 30,000 yen ló wọ́pọ̀, owó tuntun tí kò tíì ká. Wọ́n máa ń yẹra fún iye tó rọrùn láti pín sí méjì, torí ó jọ pípínyà. Okùn tí wọ́n fi di àpòòwé náà pàápàá, irú ìdì tí kì í tú ni. Àlejò háyà gbọ́dọ̀ mú tiẹ̀ dání bíi tàwọn tó kù, ẹni tó háyà rẹ̀ ló sì máa pèsè owó inú rẹ̀. Àlejò mẹ́wàá, 300,000 yen, tó máa jáde lápò kó tó padà wọlé. Àwọn kan rò pé àpòòwé òfìfo á ṣe é. Kò ní ṣe é. Ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí tọkọtaya ló sábà máa ń jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gba àlejò, ọwọ́ wọn náà ni owó ń bọ́ sí. Kí olórí ikọ̀ ti gba àwọn àpòòwé náà kí ọjọ́ ó tó pé, níbi tó jìnnà sí gbọ̀ngàn.

Ìdí tábìlì yẹn kan náà ni jàǹbá tó kéré jù, tó sì burú jù, ti ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n á ṣí ìwé àlejò síwájú èèyàn, wọ́n á fún un ní gègé onírun, kó kọ orúkọ àti àdírẹ́sì. Orúkọ tí ọwọ́ ti ń kọ láti kékeré ni ọwọ́ máa kọ. Á ti kọ àmì àkọ́kọ́ nínú orúkọ ara rẹ̀ tán kó tó rántí, tàdáwà yẹn kò sì ṣeé pa rẹ́. Ẹni tó máa jẹ́ orúkọ tuntun, kó fọwọ́ kọ ọ́ nílé títí yóò fi máa yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu nìkan ò tó.

Ìwé tí wọ́n máa kọ́ sórí kò gbọdọ̀ ju ojú ewé kan lọ: ibi tí wọ́n ti pàdé, ọdún wo, ìnagijẹ ìyàwó, ohun kan tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín, àti ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ. Tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, kò ní wọ orí; ẹni tó bá sì mọ ohun púpọ̀ á fẹ́ sọ ọ́. Ẹ kó gbogbo wọn sí tábìlì kan, kí ẹnì kan ṣoṣo máa dáhùn. Tí ẹ bá dà wọ́n mọ́ àwọn ọ̀rẹ́ gidi, ìbéèrè “ọdún wo lẹ jáde?” á ti délẹ̀ kí ọbẹ̀ tó tutù. Bí ẹnì kan bá ṣàìsàn láàárọ̀ ọjọ́ náà, orúkọ tí wọ́n ti tẹ̀ sínú ìwé ni arọ́pò rẹ̀ máa jẹ́, nítorí náà ẹ má fi orúkọ obìnrin há ikọ̀ tó jẹ́ pé ọkùnrin nìkan ló kù nílẹ̀.

Ẹni tó máa sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá, ìṣẹ́jú mẹ́ta ti tó o. Kó yẹra fún “gé”, “pínyà” àti “parí”. Kó yẹra fún ọ̀rọ̀ àpètúnpè náà, torí lójú tiwọn, àpètúnpè ń pe ìgbéyàwó ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ilé wa tí wọ́n ti ń ṣọ́ ẹnu lójú ìyàwó tuntun, ìyẹn ò lè ṣàjèjì.

*

Ẹ ṣé é, ẹ̀gbọ́n. Ti àlejò, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ háyà òbí, kó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ koseki, ìwé ìdílé wọn, kó tó sanwó.

Ayẹyẹ ìgbéyàwó ò so ẹnikẹ́ni pọ̀ lábẹ́ òfin Japan. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n bá fi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ló ń so wọ́n pọ̀. Orúkọ bàbá àti ìyá ọkọ, orúkọ bàbá àti ìyá ìyàwó, gbogbo rẹ̀ wà lórí fọ́ọ̀mù yẹn, àgbàlagbà méjì á sì fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn náà wọ́n á la koseki tuntun fún tọkọtaya, orúkọ òbí á tún hàn níbẹ̀. 450 yen ni ọkọ máa san tó bá fẹ́ gba ẹ̀dà rẹ̀. Nítorí náà, òbí háyà tó bá jẹ́ orúkọ àtọwọ́dá, ìwé ló máa tú u, kódà bó bá ṣeré ju òṣèré lọ. Orúkọ òbí gidi ni kó jẹ́. Tí òbí gidi bá ti kú ńkọ́? Ikú náà wà nínú koseki àtijọ́ tí ọmọ ti jáde wá. Kò sí ibi tí èèyàn máa gbà yẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ òbí kì í sì í tán lọ́jọ́ kan. Wọ́n á bímọ, ojú á máa wọ̀nà fún ìyá ìyàwó. Ọdún tuntun á dé. Fóònù á dún. Ilé iṣẹ́ Family Romance, tí Yuichi Ishii dá sílẹ̀ ní 2009, sọ pé ẹbí márùn-ún ni òṣèré kan kò gbọdọ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: orúkọ márùn-ún, ọjọ́ ìbí ọmọ, oúnjẹ tí tibí ń jẹ tí tọ̀hún kì í jẹ. Márùn-ún gan-an pọ̀.

*

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ò tíì dé ibi ọ̀rọ̀ ọmọ.

Àwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni tó lórúkọ ní Japan máa ń fọ̀rọ̀ wá òbí lẹ́nu wò kí wọ́n tó gba ọmọ. Ìyá tó ń dá tọ́mọ á máa bẹ̀rù pé àga bàbá tó ṣófo á pa ọmọ òun lára. Ibẹ̀ ni bàbá háyà ti ń wọlé. Ìbéèrè wọn kì í le. Kí lẹ jọ máa ń ṣe lọ́jọ́ ìsinmi? Kí ló ń múnú ọmọ yín dùn? Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ọ̀rọ̀ bàbá, ìyá àti ọmọ bára mu. Ẹ má kọ́ ọmọ ní irọ́ mẹ́wàá. Ẹ fi òótọ́ kan ṣoṣo há a: kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ọgbà ẹranko tó wà ní Ueno ní Tokyo lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kí wọ́n jẹun níbẹ̀, kí òjò tiẹ̀ pa wọ́n. Ohun tí wọ́n jọ ṣe ò nílò àkọ́sórí.

Ọ̀wọ̀ ló máa ń tú wọn fó. Nílé tiwa, ọmọ tó bá “o” bàbá rẹ̀, wọ́n á bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ní Tokyo òde òní, ó ti yí padà: èdè ọ̀wọ̀ tó ń parí sí desu àti masu, àlejò àti olùkọ́ ni ọmọ fi ń bá sọ̀rọ̀, kì í fi bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nínú ilé. Ọmọ tó bá yíjú sí ọkùnrin tó jókòó tì í, tó wá fi masu dá a lóhùn, ti sọ fún olùkọ́ pé òun ò mọ ọkùnrin yìí dáadáa. Ẹ ò lè fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ọmọ ọdún márùn-ún ní ìyẹn. Àfi kí ara rẹ̀ mọ́lé sí ẹni náà. Ìyá náà ní tiẹ̀: Papa ló yẹ kó pe ọkùnrin náà bí ọmọ ṣe ń pè é, bí ìyá tiwa ṣe ń sọ pé “bàbá Tọ́lá”. Tó bá fi orúkọ ìdílé pè é pẹ̀lú san, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ wọn, nídìí rẹ̀, ó ti parí.

Èyí tí mi ò fara mọ́ rárá ni ti ọmọ tí wọ́n sọ fún pé bàbá rẹ̀ gidi nìyí. Àlejò ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan ni. Ọmọ ń dàgbà ní tiẹ̀, owó ń gorí owó, kò sì sí ọdún tó máa rọrùn láti jẹ́wọ́ ju ọdún tó kọjá lọ.

*

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọ̀gá háyà kún un: òṣìṣẹ́ tó ṣẹ oníbàárà, tí kò fẹ́ kí ọ̀gá òun gbọ́, ló ń gba ẹlòmíì kó bá òun lọ bẹ̀bẹ̀. Súùtù dúdú. Àpótí ohun dídùn lọ́wọ́. Yōkan ilé Toraya, ohun dídùn tí wọ́n fi ẹ̀wà pupa àti ṣúgà sè, tí wọ́n sì jẹ́ kó dì, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń mú lọ, torí pé ó wúwo, wọ́n sì gbà pé ìwúwo yẹn ń bá èèyàn bẹ̀bẹ̀. Ẹ má gbé e kalẹ̀ bí ẹ ṣe ń wọlé, á jọ rìbá. Ẹ bẹ̀bẹ̀ tán ná. Nígbà tí wọ́n bá tẹrí ba, òṣìṣẹ́ ò gbọdọ̀ gbórí ṣáájú “ọ̀gá” rẹ̀. Kí ọ̀gá háyà má sì sọ̀rọ̀ púpọ̀, òṣìṣẹ́ ló mọ ọ̀ràn náà.

Káàdì orúkọ àti fóònù tí òṣìṣẹ́ ń fún oníbàárà ni ọ̀fìn ibẹ̀. Oníbàárà á tọ́jú rẹ̀, á pe nọ́ńbà orí rẹ̀ lọ́la. Ẹni tó bá tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ gidi sórí ìwé fún ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń fẹsẹ̀ ko wàhálà. Pípe ara ẹni ní lọ́yà tàbí ọlọ́pàá, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin, ẹ sá fún ilé iṣẹ́ tó bá gbà láti ṣe é.

*

Kí ẹ tó gba gbogbo ìtàn tó ń pani lẹ́kún gbọ́, ẹ rántí eléyìí. Ní 2018, NHK, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n gbogboogbò Japan, gbé fíìmù ìròyìn jáde lórí iṣẹ́ Family Romance; ní 2019 wọ́n tọrọ àforíjì, torí pé òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà ni wọ́n pè ní oníbàárà nínú rẹ̀. Ìwé ìròyìn The New Yorker ní Amẹ́ríkà náà kọ tiẹ̀ ní 2018, ó gba ẹ̀bùn National Magazine Award lé e lórí ní 2019, ó sì dá ẹ̀bùn náà padà ní 2021 nígbà tó hàn pé àwọn kan tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò parọ́ nípa ẹni tí wọ́n jẹ́. Ẹ wo bó ṣe rí: oníbàárà háyà. Èmi máa ń gba iye owó àti ìlànà gbọ́ nínú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Omijé ni mo máa ń fi sílẹ̀.

Ẹ má sì da Shoji Morimoto pọ̀ mọ́ wọn. Láti 2018 ló ti ń háyà ara rẹ̀ bí “ẹni tí kì í ṣe nǹkan kan”. Ó ti gba 10,000 yen rí láti jókòó ti èèyàn. Kò díbọ́n jẹ́ ẹbí ẹnikẹ́ni.

*

Ẹni tó bá rò pé Japan nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é, kó má pa mí lẹ́rìn-ín. Alága ìdúró tó ń pe ọkọ ní “ọmọ wa”, àárọ̀ ọjọ́ yẹn lè jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rí i, gbogbo ilé ló sì mọ̀ pé wọ́n sanwó fún un. Ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni lára. Bàbá tí wọ́n háyà wá sí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ni ọ̀ràn. Agbádá á bá a mu, àdúrà á yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n á bi í pé agbo ilé wo. Á dárúkọ ìlú, kò ní lè dárúkọ agbo ilé, ẹnì kan nínú ẹbí kejì á sì ti ní àna nílùú yẹn, á ti jáde lọ pe fóònù kí wọ́n tó pín jọ̀lọ́ọ̀fù. Wọ́n á ní kí bàbá fi oríkì pe ọmọ rẹ̀ kó tó súre fún un. Àṣàkẹ́ ni àbí Àbẹ̀kẹ́? Bàbá á wojú ọmọ, ọmọ á wolẹ̀.

Nílé lóko, ìparí iṣẹ́ ni wọn kì í kọ sínú àdéhùn. Ẹ kọ ọjọ́ tó máa parí. Ẹ kọ ẹni tí fọ́tò máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé. Nọ́ńbà fóònù tí “ẹ̀gbọ́n bàbá” fún àwọn àna, kó jẹ́ ti ilé iṣẹ́, kó má jẹ́ ti òṣèré, kí ẹnì kan ṣì máa gbé e fún oṣù mẹ́fà, torí pé ìyá ọkọ á pè láti dúpẹ́. Tí àkókò bá sì tó láti yọ ẹni náà kúrò nílẹ̀, ẹ ní ó rìnrìn àjò. Ẹ má ní ó kú. Òkú ní ìsìnkú, ìsìnkú náà á sì tún fẹ́ àlejò.