Ọmọ tó ní àtọ̀gbẹ: kí la lè ṣe fún ọkàn rẹ̀ láti ìsinsìnyí?

Ìyá Ìbejì, Manchester
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Táíwò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 12. Ó ti di ọdún kẹrin tó ti ní àtọ̀gbẹ, irú èyí tó ń gba insulin lójoojúmọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ní kílíníìkì, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n ní lẹ́tà àyẹ̀wò ojú ń bọ̀. Mo béèrè ìdí, wọ́n ní nítorí kíndìnrín àti ọkàn rẹ̀ ni. Ọkàn ọmọ ọdún 12! Oorun ò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ ọ̀nà yìí, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ṣé kí n máa dá ọbẹ̀ tirẹ̀ sè ni?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, London
Ìyá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ọmọ tó ní àtọ̀gbẹ bá ti pé ọdún 12, ìlànà NICE (àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú) tí NHS ń tẹ̀ lé ní kí wọ́n máa yẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn wò lọ́dọọdún, kódà bí ara ọmọ le koko. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún pípẹ́, ó ń ba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ọ̀rá á wá ráyè lẹ̀ mọ́ ọn. Láti kékeré ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sì ní dun ọmọ rárá. Ìdí nìyẹn tí American Heart Association, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìlera ọkàn ní Amẹ́ríkà, nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2019, fi ka àtọ̀gbẹ mọ́ àwọn àìsàn ọmọdé tí ewu ọkàn wọn ga jù, pẹ̀lú kíndìnrín tó ti daṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ mọ nọ́ńbà HbA1c rẹ̀. Òun ló ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni kí wọ́n wò ó. 48 mmol/mol tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Bí tirẹ̀ bá ga, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án, ẹ má bú u. Mo ti rí ọmọ tó ń purọ́ ṣúgà nítorí ìbẹ̀rù ìyá. Ẹ má sì febi pa á.

Bàbá Dámi, Houston
Kíndìnrín ni ti ọmọ tiwa. Aṣọ àgbàlagbà tó bá ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru wá ni mo ń wé mọ́ ọn lápá nílé, ó ń jábọ̀ pé kò sí nǹkan. Ní ọsibítù, wọ́n fi èyí tó ṣe wẹ́kú apá rẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó ga! Èyí tó tóbi jù á mú kí nọ́ńbà kéré, èyí tó kéré jù á gbé e ga. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wọn apá rẹ̀ kí ẹ tó ra ẹ̀rọ.

Ẹni tí kíndìnrín ọmọ rẹ̀ ò bá dáa, kó ṣọ́ra fún iyọ̀ tí wọ́n fi potassium rọ́pò sódíọ̀mù nínú rẹ̀. Potassium tó bá pọ̀ jù lára lè dá ọkàn dúró. Àgbo tí màmá mi fi ránṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gan-an, mi ò fún ọmọ mu.

Mọ́mì Peckham
Ìyá Ìbejì, ọmọ mi, má dá ọbẹ̀ rẹ̀ sè. Ọmọ tí wọ́n bá yọ oúnjẹ tirẹ̀ sọ́tọ̀, ti Kẹ́hìndé ni yóò máa jí jẹ. Ìkòkò kan náà ni kí gbogbo ilé máa jẹ. Nígbà tí ti ọmọ-ọmọ mi dé, màgí mẹ́ta ni mò ń fọ́ sí ọbẹ̀. Mo sọ ọ́ di méjì, ó di ọ̀kan, ó di ààbọ̀. Ó tó oṣù méjì kí ẹnu wa tó gbà á. Irú, edé, àlùbọ́sà rẹpẹtẹ àti ata rodo ló gbé ọbẹ̀ dúró. Mo ń bó awọ adìẹ kúrò, ṣíbí ni mo sì fi ń wọn epo pupa báyìí, mi ò dà á látinú ìgò mọ́.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, London
Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ o! Nǹkan bí ìdajì màgí ló jẹ́ iyọ̀. Gbogbo iyọ̀ ọjọ́ kan fún ọmọ ọdún 11 sókè kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 6 lọ, ìyẹn ṣíbí tíì kan; ọdún 7 sí 10, gíráàmù 5. Búrẹ́dì ti gbà nínú rẹ̀ ná. Lẹ́yìn páálí, bí iyọ̀ bá ju gíráàmù 1.5 lọ nínú gíráàmù 100, ẹ dá a padà. Ẹni tó bá ń mu sìgá, kó jáde kúrò nílé pátápátá. Kí Táíwò sì máa sáré ṣeré, ó kéré tán ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́. Kó wo ṣúgà kó tó bẹ̀rẹ̀, kí súwíìtì wà lápò.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo ti pe kílíníìkì: HbA1c rẹ̀ jẹ́ 61. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé. Mọ́mì, irú tí ẹ fi ń sebẹ̀ yẹn, èwo lẹ máa ń rà? Èyí tí mo rà, iyọ̀ ló kún inú rẹ̀.

Mọ́mì Peckham
Wóró ni, èyí tó wà nínú fírísà. Tọ́ ọ wò lọ́wọ́ wọn kó o tó sanwó.