Iyùn mi ń bó ní Tánkè: ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ gbà mí

Ọmọ Tánkè
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú òtútù ọ̀hún o. Mo padà wá sílé sí Ìlọrin lọ́dún tó kọjá, mo sì kó àwọn iyùn tí mo ń sìn ní London dání, pẹ̀lú ìwé àṣẹ CITES wọn, ti àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó lè parun. Fún ẹni tí kò mọ̀, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ni mò ń wí. Ẹranko òkun ni, ó wà láàyè, egungun funfun ló ń mọ sábẹ́ ara rẹ̀. Láti ọjọ́ márùn-ún ni Acropora mi, irú iyùn ẹlẹ́ka kan, ti ń bó. Ara rẹ̀ ń ṣí kúrò, egungun ń yọ síta. Ẹnì kan ní kí n da amoxicillin, oògùn apakòkòrò, sínú táńkì gíláàsì tí mo ń sìn ín sí. Káàdì oògùn náà ti wà lọ́wọ́ mi báyìí, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà á. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń tọ́ iyùn yìí. Ẹ gbà mí.

Ọmọ Ọ̀fà ní Leeds
Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì da ohunkóhun sí i. Ṣé láti ìdí ló ti bẹ̀rẹ̀ ni àbí láti orí? Báwo ló ṣe ń yára tó? Níbi tó funfun yẹn, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó dáadáa, ṣé ara ṣì wà níbẹ̀ àbí egungun lásán ni? Bí ara bá ṣì wà, tó kàn mọ́ gaara tí ẹ ń rí egungun láti inú rẹ̀, àwọ̀ ló ṣí, kò bó. Àwọn ewéko tíntìntín tó ń gbé inú rẹ̀, tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ fún un, ló ti jáde, ooru tàbí iná tó le jù ló sì sábà ń fa ìyẹn. Ó lè padà bọ̀ sípò. Èyí tó bó ní tirẹ̀, ibi tó bó ti kú, àfi kí ara tó ṣẹ́kù tún hù bò ó.

Ọmọ Tánkè
Egungun lásán ni. Láti ìdí ló ti bẹ̀rẹ̀, bíi mìlímítà mẹ́ta lóòjọ́. Mo wọn omi: iyọ̀ 1.030 (ìwúwo omi náà sí ti omi lásán), ìgbóná 23 láàárọ̀, 28 lọ́sàn-án. Ọyẹ́ ti dé, omi ń gbẹ gan-an, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó lọ sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń po omi iyọ̀ tuntun tí mo fi ń dí i.

Ìyá Ìbejì ní Toronto
Àbúrò mi, ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọbẹ̀ tó ń hó lórí iná, tí a kò bá tètè bomi sí i, ṣé kì í di oníyọ̀? Omi nìkan ló ń bá ooru lọ, iyọ̀ kì í kúrò nínú ìkòkò. Ohun tí ọyẹ́ ń fà gbẹ lójú táńkì rẹ kò ní iyọ̀ kankan nínú, ìwọ sì ń fi omi iyọ̀ dí i. Omi aláìníyọ̀ lo máa fi dí i. Òkun fúnra rẹ̀ kì í sábà ju 1.025 sí 1.026 lọ, ìyẹn bíi gíráàmù iyọ̀ 35 nínú kílò omi kan.

Má ṣe dá a padà lọ́jọ́ kan o. Àyípadà òjijì ló ń pa iyùn ju omi tí kò pé lọ. Bu díẹ̀ kúrò lóòjọ́, fi omi aláìníyọ̀ rọ́pò rẹ̀, kó máa wálẹ̀ bíi 0.001 lójúmọ́. Má lo omi bọ́họ̀ọ̀lù: ó lè gbé irin wá, páìpù sì lè fi bàbà kún un, bàbà díẹ̀ ti tó láti pa iyùn. Wá omi tó ti gba inú RO kọjá, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ iyọ̀ àti irin kúrò nínú omi.

Àárọ̀ 23, ọ̀sán 28, ìyẹn náà kò dára. Òru ọyẹ́ ló ń ṣe é. Gbé hítà sí 25. Bí o bá fi fáànù sójú omi lọ́sàn-án, rántí pé omi yóò tún máa gbẹ sí i.

Ọmọ Ọ̀fà ní Leeds
Ẹ̀gbọ́n, irinṣẹ́ tí ẹ fi wọn iyọ̀ ńkọ́, ṣé ẹ ti tún un ṣètò láìpẹ́? Tèmi ti parọ́ fún mi rí fún oṣù méjì gbáko.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀mù-Àrán ní Miami
Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ amoxicillin yẹn ti wá. Etíkun wa níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn kan ní 2014, SCTLD ni wọ́n ń pè é, ó ti ràn ká Òkun Caribbean, ó sì ń bó irú iyùn tó lé ní ogún. Àwọn òmùwẹ̀ máa ń po amoxicillin mọ́ ìpara, wọ́n á fi kun ojú egbò náà gan-an. Wọn kì í dà á sómi. Àrùn yẹn kì í sì í ṣe ti Acropora. Bí o bá da oògùn yẹn sínú táńkì, o lè pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ìdọ̀tí ẹja, ammonia, májèlé tó ń ti inú ìdọ̀tí náà wá, á gòkè, gbogbo ohun inú táńkì á wá kú. Kó oògùn náà padà sínú àpótí.

Bó bá jẹ́ pé láàárín wákàtí díẹ̀ ni ara ń já bọ́ láti orí dé ìdí, mi ò ní ní kí o dúró wọn omi rárá, gígé ni. Tìrẹ ń rọra lọ, àyè wà.

Ọmọ Ọ̀fà ní Leeds
Ẹ gé e náà, ẹ̀gbọ́n, kí ìlà náà má bàa dé orí. Ẹ gé sókè ìlà náà bíi sẹ̀ǹtímítà kan, nínú ara tó yè. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ bu omi táńkì sínú abọ́, ẹ kán áyódíìnì ti iyùn sí i bí ìgò rẹ̀ ṣe wí, ẹ rẹ ẹ̀ka náà sínú rẹ̀, ẹ má sì da omi abọ́ yẹn padà. Kí ẹ tó fi súpà gúlù tó ki dí ojú gígé náà, ẹ wo egungun ẹ̀gbẹ́ ìlà: aràn pẹlẹbẹ tó ń jẹ Acropora máa ń yé ẹyin aláwọ̀ ilẹ̀ síbẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹyin, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn, ẹ pè mí.

Ọmọ Tánkè
Ọjọ́ kẹsàn-án nìyí. Kò sí ẹyin. Mo rí omi RO lọ́dọ̀ oníléeṣẹ́ omi kan ní Ọ̀fà Gáráàjì, iyọ̀ sì ti wálẹ̀ dé 1.025. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, nẹ́pà mú iná lọ, ìńfátà kú, pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì ló gbé wa dé àárọ̀, nítorí iyùn pẹ̀lú ẹja ń fa afẹ́fẹ́ inú omi lóru, kò sì sí ìmọ́lẹ̀ tí yóò fi ṣe òmíràn. Ẹ̀ka mẹ́rin ni mo gé. Ọ̀kan kú. Mẹ́ta tó kù, ìlà wọn kò tíì yẹ̀ láti ọjọ́ márùn-ún, ara ti ń yọ́ gun orí gúlù lára ọ̀kan. Èmi àti ìyàwó mi jọ dúró síwájú gíláàsì lánàá, a ò lè sọ̀rọ̀.

Ta ló ń bọ̀ wálé ní ìparí oṣù yìí? Kó bá mi mú refractometer kan wá, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn iyọ̀ omi, kó má gbàgbé omi 35 ppt (gíráàmù iyọ̀ 35 nínú kílò kan) tí a fi ń ṣètò rẹ̀. Tèmi yìí, mo fi ti aládùúgbò wò ó, ó fi 0.001 yàtọ̀.

Ìyá Ìbejì ní Toronto
Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ sí Ìlọrin lọ́jọ́ Ẹtì. Fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, má kọ ọ́ síbí.